Gift: ẹ̀bùn níhìn-ín, májèlé lọ́hùn-ún

Lóru ọjọ́ kan, àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Jámánì fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Páálí kékeré kan ni, tó rí nínú yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lábẹ́ ilé tó háyà. Wọ́n ya agbárí òkú àti egungun méjì sí ara páálí náà, wọ́n sì kọ GIFT gàdàgbà sí abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, irú ẹ̀bùn wo lèyí?"

Mo ní kó gbé e sílẹ̀, kó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀. Oògùn eku ni. Lẹ́nu àwọn ará Jámánì, Gift kì í ṣe ẹ̀bùn, májèlé ni.

Nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó wá béèrè ohun tó yẹ kí èèyàn béèrè: báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́tà mẹ́rin péré, ṣe máa jẹ́ ohun tí à ń fi ayọ̀ gbà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí yóò sì jẹ́ ohun tó ń pani ní Berlin? Ṣé wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, àbí ìtàn wà níbẹ̀? Ìtàn wà níbẹ̀. Ó gùn, kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Jámánì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe yẹ, nítorí èyí tí mo ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tàn ká. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gift ni ẹ̀bùn. Gbogbo wa la mọ èyí. Ní èdè Jámánì, Gift ni májèlé, ìbáà ṣe oògùn eku, ìbáà ṣe oró ejò, ìbáà ṣe kẹ́míkà tí iléeṣẹ́ dà nù. Ní Swídìn, Dẹ́nmárkì àti Nọ́rwèy, gift jẹ́ májèlé, ó sì tún jẹ́ ẹni tó ti ṣègbéyàwó. Bí ará Swídìn bá sọ pé "Hon är gift", ohun tó ń sọ ni pé obìnrin náà ti wà nílé ọkọ; kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan sí i. Ní Nẹ́dálándì, gift ni ọrẹ, pàápàá owó tí èèyàn fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé t ìdí rẹ̀ kúrò, tó ku gif, ó ti di májèlé nìyẹn. Àwọn tó ń sọ èdè Afrikaans ní Gúúsù Áfíríkà jogún gif yẹn lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn tó wá láti Nẹ́dálándì, májèlé náà ló sì jẹ́ lẹ́nu wọn títí dòní. Ní Ísílándì, gift ni wọ́n ń pe obìnrin tó ti lọ́kọ, giftur ni ọkùnrin tó ti gbéyàwó, ọ̀rọ̀ kan tó bá wọn tan, gifta, sì túmọ̀ sí oríire. Májèlé kò sí nínú ti Ísílándì rárá. Ẹ fi èyí pamọ́ sọ́kàn, a ó padà dé ibẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pè é náà yàtọ̀ síra. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Dẹ́nmárkì ń pe g rẹ̀ bí a ṣe ń pe ti gàárì. Àwọn ará Swídìn àti Nọ́rwèy ń pè é bíi y, tó fi máa dún bíi "yíft". Àwọn ará Nẹ́dálándì ń họ g tiwọn jáde láti ọ̀fun. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Òun ni yóò tú àṣírí ti Gẹ̀ẹ́sì fún wa bó bá yá.

Ìtàn méjì ló gbajúmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, méjèèjì ni kò sì tọ̀nà. Wọ́n ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá a lọ́wọ́ àwọn Jámánì, wọ́n wá yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Wọ́n tún ní àwọn ará Swídìn gbà pé májèlé ni ìgbéyàwó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe méjèèjì ní orúkọ kan. Èkejì yìí, àwọn ará Swídìn fúnra wọn máa ń fi ṣàwàdà, àwàdà náà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ padà sí ìdí ọ̀rọ̀.

Ọmọ ìyá ni àwọn èdè tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn tí àwọn baba ńlá wọn ń sọ èdè kan ṣoṣo ní àríwá ilẹ̀ tó di Jámánì lónìí, ní Dẹ́nmárkì àti ní gúúsù Swídìn. Kò sí ìwé tí wọ́n kọ èdè náà sí fún wa. Àwọn onímọ̀ èdè ló fi àwọn ọmọ wé ara wọn kí wọ́n tó mọ bí ìyá ṣe rí, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá wo ojú ọmọ mẹ́rin, tó sì sọ bí ìyá tó bí wọn ṣe máa rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè ìyá yẹn, geban tàbí ohun tó jọ ọ́, tó túmọ̀ sí kí èèyàn fúnni ní nǹkan. Òun ló di give lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, geben lẹ́nu Jámánì, geven lẹ́nu ará Nẹ́dálándì, giva lẹ́nu ará Swídìn.

Nígbà tí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, wọn a máa fi t mọ́ ìdí rẹ̀, bí ìró b tàbí v bá sì ṣáájú t yẹn, a yí di f. Ẹ lè rí i nínú Gẹ̀ẹ́sì òde òní: drive bí drift, thrive bí thrift, give náà sì bí gift. Àwa náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ iwájú ọ̀rọ̀ ni àwa ń fi tiwa sí. A mú bùn, a fi ẹ̀ síwájú rẹ̀, ó di ẹ̀bùn. Gift àti ẹ̀bùn kò bára wọn tan rárá, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà la fi ṣe wọ́n: ohun tí a bùn.

Ohun tí a bùn ta ni? Irú ohun wo ni? Kí ni ẹni tó fúnni ní lọ́kàn? Ọ̀rọ̀ náà kò sọ. Agbọ̀n òfìfo ni, ohun tí kálukú bá kó sínú rẹ̀ ló ń gbé. Àwọn kan kó ìyàwó sínú rẹ̀, àwọn kan kó oògùn sínú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ti yà.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ìyàwó ṣáájú, torí òun ló máa yé ọmọ Yorùbá kíákíá. Àwa náà ń sọ pé bàbá fi ọmọ rẹ̀ fọ́kọ. A ń fà á lé wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn ará Swídìn, Dẹ́nmárkì, Nọ́rwèy àti Ísílándì ayé àtijọ́ ṣe wo ìgbéyàwó: ọwọ́ ẹbí kan ni ọmọbìnrin ti ń kúrò bọ́ sí ọwọ́ ẹbí mìíràn. Láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "fún" ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí wọ́n fi ọmọbìnrin fọ́kọ, ẹni tí wọ́n bá sì ti fi fọ́kọ di gift. Obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà bá mu níbẹ̀rẹ̀, nítorí wọn kì í fa ọkùnrin lé aya lọ́wọ́. Nígbà tó yá ni ó kárí ọkùnrin náà. Lónìí, bí wọ́n bá bi yín ní Copenhagen pé "Er du gift?", bóyá ẹ ti ṣègbéyàwó ni wọ́n ń béèrè, ì báà jẹ́ ọkùnrin ni yín. Ní Swídìn, ogift ni ẹni tí kò tíì ṣègbéyàwó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìgbéyàwó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì náà. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìyẹn ṣáájú kí àwọn Normandi láti ilẹ̀ Faransé tó gba ilẹ̀ náà ní 1066, gift kì í ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí. Ohun tí ọkọ san kí wọ́n tó fún un ní ìyàwó ni, ohun tí àwa ń pè ní owó orí. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́ ní ọ̀pọ̀, gifta, ìgbéyàwó gan-an ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń lò fún ẹ̀bùn lásán.

Àti pé wọn kò pè é bí wọ́n ṣe ń pè é lónìí. "Yíft" ni wọ́n ń pè é, bíi ti Swídìn. G tó wà nínú give náà, y ni lẹ́nu wọn. Kí ló wá yí i padà? Àwọn Viking ni. Ní 865, ọmọ ogun ńlá kan láti Dẹ́nmárkì àti agbègbè rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun ni wọ́n bá wá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà sílé. Wọ́n dáko, wọ́n fẹ́ ọmọ onílẹ̀, wọ́n bímọ. Èdè tiwọn àti ti onílẹ̀ súnmọ́ ara wọn débi pé bí wọ́n bá fara balẹ̀, wọ́n lè gbọ́ ara wọn, bí ará Ìjẹ̀bú ṣe lè fara balẹ̀ gbọ́ ará Èkìtì. Lẹ́nu wọn, gipt ni ẹ̀bùn tàbí oríire, wọ́n sì ń pe g rẹ̀ ní líle. G líle yẹn àti ìtumọ̀ ẹ̀bùn ló borí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba they, egg, knife, sky àti window lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n kò borí lọ́jọ́ kan. Chaucer, akéwì Lọ́ńdọ́ọ̀nù tó kú ní 1400, ṣì ń fi y kọ tirẹ̀, yifte. Ní 1490, Caxton, ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ìtàn àwọn oníṣòwò kan tó fẹ́ ra ẹyin jẹ létí odò Thames. Egges ni wọ́n béèrè. Obìnrin onílé dáhùn pé òun kò gbọ́ Faransé. Inú bí oníṣòwò náà, torí òun alára kò gbọ́ Faransé. Àfìgbà tí ẹlòmíràn dá sí i, tó ní eyren ni wọ́n ń béèrè, kí ó tó yé obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni eyren àti egges, ọ̀kan fi y pè é, èkejì fi g pè é, ó sì ti lé ní 600 ọdún tí àwọn Viking ti dé. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, nítorí ó fi hàn pé èdè kì í yí padà nínú ìwé. Ìdí ààrò ló ti ń yí padà.

Ó wá ku májèlé, níbi tí ọ̀rọ̀ ti le.

Ẹ bá mi lọ sí Gríìsì. Èdè Gíríìkì náà ní ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "fún", didónai, wọ́n sì rí dósis láti ara rẹ̀: fífúnni, ohun tí a fún. Àwọn oníṣègùn wọn wá ń lo dósis fún ìwọ̀n oògùn tí wọ́n máa fún aláìsàn lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń kọ Látìnì gbà á lọ́wọ́ wọn, ó sì ti ibẹ̀ wọ gbogbo Yúróòpù. Òun ni nọ́ọ̀sì ń pè ní dose nígbà tó bá ní kí ẹ lo méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Jámánì ayé àtijọ́ ń túmọ̀ ìwé ìṣègùn láti Látìnì, wọ́n bá dósis pàdé. Wọ́n wò ó, wọ́n rí i pé "ohun tí a fún" ni, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn tó ní ìtumọ̀ kan náà rọ́pò rẹ̀: gift. Bẹ́ẹ̀ ni gift ṣe wọ ilé oníṣègùn. Láti orí oògùn tí a fún aláìsàn kó lè yè, kò jìnnà mọ́ sí ohun tí a fún ẹlòmíràn kó lè kú.

Fún ìgbà pípẹ́, ìtumọ̀ méjèèjì jọ ń gbé inú ilé kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni májèlé lé ẹ̀bùn jáde. Wọ́n tilẹ̀ pín wọn níyà pẹ̀lú gírámà: die ni wọ́n ń fi ṣáájú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà sí abo, ṣùgbọ́n das ni májèlé ń gbà lónìí, èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo. Ibi kan ṣoṣo ni ẹ̀bùn ti rí ibi sá pamọ́ sí nínú Jámánì òde òní, ìyẹn die Mitgift. Mit ni "pẹ̀lú". Mitgift ni ohun tí òbí fi sin ọmọbìnrin wọn lọ sílé ọkọ. Ẹrù ìyàwó ni a ó pè é lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ìyàwó gbé májèlé dání lọ sílé ọkọ. Die tó ń ṣáájú rẹ̀ ni ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni.

Ṣé àwọn Jámánì kò ní orúkọ fún májèlé kí gift tó dé ni? Wọ́n ní i. Eitar ni. Gbogbo àwọn ọmọ ìyá yìí ló ní i. Lẹ́yìn tí gift gba ipò rẹ̀, Eiter kò kú ní Jámánì, ó kàn rẹlẹ̀ ni: ọyún tó ń jáde lójú egbò ló ń jẹ́ báyìí. Ní Dẹ́nmárkì, ó fara pamọ́ sínú edderkop, orúkọ aláǹtakùn. Ní Swídìn, etter ṣì jẹ́ oró ẹranko. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kú pátápátá, poison tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá ló gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ísílándì, erékùṣù tó jìnnà sí gbogbo ariwo Jámánì, eitur ni májèlé títí di òní olónìí. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi pamọ́: ìdí nìyí tí gift wọn kò fi ní májèlé nínú. Orúkọ ti wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó lé e kúrò.

Kí ló wá dé tí Swídìn, Dẹ́nmárkì àti Nọ́rwèy fi ní méjèèjì? Òwò ló fà á. Láti nǹkan bí ọdún 1200 lọ sókè, àwọn oníṣòwò Jámánì tí wọ́n ń pè ní Hansa, tí Lübeck jẹ́ olórí ìlú wọn, ló di òwò orí òkun ìhà àríwá mú. Wọ́n kún Bergen, wọ́n kún Visby, wọ́n kún Stockholm. Bí wọ́n ṣe ń kó iyọ̀, aṣọ àti ọtí wọ̀lú ni wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ wọ̀lú. Betala tí ará Swídìn ń pe sísan owó, ọ̀dọ̀ wọn ló ti rí i. Språk, tó túmọ̀ sí èdè gan-an, ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Gift tó jẹ́ májèlé bá ọkọ̀ ojú omi kan náà dé. Ó bá gift tó jẹ́ ẹni tó lọ́kọ nílé, ìyẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Májèlé kò ti ara ìgbéyàwó jáde, ìgbéyàwó kò sì ti ara májèlé jáde. Ìbátan tó ti pín yà fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n, tí òwò wá kó wọn padà sábẹ́ òrùlé kan.

Wọn kì í sì í ṣi ara wọn gbọ́. Májèlé jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ett gift ni, májèlé kan; ẹni tó lọ́kọ jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe, kì í gba ett. Giftig ni ohun olóró. Èdè wa náà ń fi ojú kan wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ nínú ìwé tí wọn kò fi àmì sí, ọmọ Yorùbá sì ń kà á láì kọsẹ̀, nítorí ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká ló ń fi í hàn.

Nísinsìnyí, ohun kan wà tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Kí ló dé tí èèyàn á fi ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí "ohun tí a fún" pe ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ pe májèlé ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn Jámánì kọ́ ló nìkan ń ṣe é. Poison ti Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, potio ló jẹ́ ní Látìnì, ìyẹn ohun mímu lásán. Òun àti potion, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n. Otrava tí àwọn ará Rọ́síà ń pe májèlé bá trava tan, ìyẹn koríko. Venenum ti Látìnì, tó bí veneno àwọn ará Spéìn, àwọn onímọ̀ gbà pé ó bá orúkọ Venus tan, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù. Oògùn ìfẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ venenum yìí fún àwọn adájọ́ Róòmù ní iṣẹ́ ṣe. Ní ọdún 81 ṣáájú ìbí Krístì, lábẹ́ ìjọba Sulla, ọ̀gágun tó gba agbára ní Róòmù, wọ́n ṣe òfin tó de àwọn apànìyàn àti àwọn tó ń fi májèlé pani. Ṣùgbọ́n venenum wo? Gaius, amòfin wọn kan tó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 150 lẹ́yìn ìbí Krístì, sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá pe venenum gbọ́dọ̀ fi kún un bóyá rere ni tàbí búburú, nítorí oògùn ìwòsàn náà, venenum ni. Àwọn Gíríìkì náà ní tiwọn: phármakon ni oògùn tó ń woni sàn, òun ni májèlé, òun sì tún ni èèdì. Láti ibẹ̀ ni fámásì ti rí orúkọ rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ ya ẹnu sí èyí, torí oògùn tiwa gan-an nìyẹn. Oògùn ibà ń woni sàn, oògùn eku ń pa eku, bí wọ́n bá sì ní wọ́n fi oògùn mú ẹnì kan, kì í ṣe ọsibítù ni wọ́n ń sọ. Nínú ìtàn Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí àwọn Ọ̀yọ́mèsì bá ti kọ Aláàfin, Baṣọ̀run a gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ọba mọ̀ pé ikú ni wọ́n fi ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó máa dárúkọ májèlé. Wọn á ní ọba ṣígbá wò. Ohun tí wọ́n gbé fún un jọ ẹ̀bùn lójú ẹni tí kò mọ̀.

Ní 1924, Marcel Mauss, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, kọ àpilẹ̀kọ kúkúrú lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ó rán wa létí pé ọtí ni àwọn baba ńlá Jámánì sábà máa ń fúnra wọn lẹ́bùn, pé wọ́n jọ ń mu ún ni, àti pé kò sí ẹ̀bùn tó lè fi májèlé pamọ́ bí ọtí. Ẹni tó bá gba ife lọ́wọ́ ọ̀tá kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ló gbà. Àlàyé rẹ̀ wọni lọ́kàn, ó sì bá ìwà ẹ̀dá mu. Síbẹ̀, mo rò pé ọ̀nà dósis ló lágbára jù, nítorí a lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ láti Gíríìkì dé Látìnì dé Jámánì. Ohun tí Mauss rí lè jẹ́ ìdí tí ìtumọ̀ náà fi dúró pẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò dà bí ẹni pé òun ló bí i.

Gbólóhùn kan wà tí ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Ní 1538, Paracelsus, oníṣègùn ọmọ Swítsálándì tó yàn láti máa kọ̀wé ní èdè Jámánì dípò Látìnì, ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ní májèlé ló ń fún àwọn aláìsàn. Ó ní ohun gbogbo ni Gift, kò sí ohun tí kì í ṣe Gift. Dosis nìkan ló ń sọ ọ́ bóyá ohun kan kì í ṣe Gift. Títí dòní, orí gbólóhùn yìí ni ẹ̀kọ́ nípa májèlé dúró lé: iyọ̀ tí ń mú ọbẹ̀ dùn lè pani bó bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Gift ni "ohun tí a fún". Dosis ni "ohun tí a fún". Ọ̀rọ̀ Jámánì àti ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí a fi túmọ̀ ara wọn ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan ti di ikú, èkejì ni òṣùwọ̀n. Antidote tí wọ́n sì ń fún ẹni tó bá jẹ májèlé, anti ni "lòdì sí", doton ni "ohun tí a fún". Ọ̀rọ̀ fífúnni la fi ń pe májèlé, òun la fi ń wọ̀n ọ́n, òun náà la fi ń wò ó sàn.

Ìlò rẹ̀ lónìí kò le. Bí ẹ bá di èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ yín ní Hamburg, ẹ má kọ Gift sára páálí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń jẹ́ Gift ló máa ń ṣàlàyé orúkọ wọn bí wọ́n bá dé Jámánì. Agbábọ́ọ̀lù wa Gift Orban lọ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Hoffenheim níbẹ̀ ní 2025. Orúkọ náà dára, kò sí ìdí láti yí i padà. Kí ẹni tó ń jẹ́ ẹ ṣáà mọ ìtàn rẹ̀, kó lè sọ fún ẹni tó bá ń wò ó tìyanu-tìyanu pé ti òun ló dàgbà jù nínú ìtumọ̀ méjèèjì.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àbúrò mi tún fi àwòrán mìíràn ránṣẹ́. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé ti fi bébà aláràbarà di nǹkan kan fún un, wọ́n sì kọ Geschenk sí i lórí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n tú eléyìí ṣá?" Mo ní kó tú u, ẹ̀bùn ni. Mo wá sọ fún un pé láti ara schenken ni Geschenk ti wá, àti pé kí schenken tó di kí èèyàn fúnni lẹ́bùn, ohun tó kọ́kọ́ jẹ́ ni kí èèyàn bu ọtí fún àlejò. Bí wọ́n bá ń bu ọtí sí ife ní Jámánì lónìí, einschenken ni wọ́n ń pè é. Ohun mímu tó di poison lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì ló di ẹ̀bùn lẹ́nu Jámánì.